Ìwé Ìgbélùú àti Ẹ̀kọ́ Àwọn Ọmọ Wọn ní Ìlú Ọba

(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn òbí àti àwọn ọ̀dọ́)



Àwọn àgbà Yorùbá sọ pé kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò; bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Òwe yìí ni òpó tí ọ̀rọ̀ òní rọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí àwọn ọmọ tí òbí wọn mú lọ sí òkè òkun, tàbí tí wọ́n bí síbẹ̀, tí wọ́n jókòó sí kíláàsì kan náà pẹ̀lú ọmọ onílùú, tí wọ́n ka ìwé kan náà, tí wọ́n sì yege nínú ìdánwò kan náà, ṣùgbọ́n tí ọ̀nà wọn pín sí méjì ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wọ yunifásítì. Ohun tí ó pín ọ̀nà náà kì í ṣe ọpọlọ, kì í sì í ṣe ìwà. Ìwé ìgbélùú ni.

Ẹ fi ojú inú wo ọmọbìnrin kan ní London. Ó ti pé ọmọ ọdún 17. Ọmọ ọdún 5 ni nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé e kúrò ní Ìbàdàn. Kò rántí ohun púpọ̀ nípa Ìbàdàn mọ́ bí kò ṣe ohùn ìyá àgbà tí ó máa ń gbọ́ lórí tẹlifóònù. Olùkọ́ rẹ̀ ní kí ó kọ̀wé sí yunifásítì. Ó kọ ọ́, wọ́n sì gbà á. Nígbà tí ó fẹ́ béèrè owó ẹ̀yáwó tí ìjọba ń fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n bi í léèrè nọ́ńbà ìwé ìrìnnà rẹ̀ àti irú ìyọ̀ǹda tí ó fi ń gbé ìlú. Ó lọ bi ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ọmọ náà ti mọ̀ pé ọ̀nà tí òun rò pé ó tẹ́jú níwájú òun ti dí. Àpèjúwe ni ọmọ yìí, kò ní orúkọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìdílé ni yóò dá a mọ̀ bí ó bá kan ilẹ̀kùn wọn.

ILÉ-ÌWÉ KÉKERÉ KÒ BÉÈRÈ ÌWÉ

Ohun àkọ́kọ́ tí ó ń tan òbí jẹ ni pé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Ní England, òfin fi dandan lé e pé kí gbogbo ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́kọ̀ọ́ láti ọmọ ọdún 5, kò sì yọ ọmọ àjèjì sílẹ̀. Ilé-ìwé ìjọba kò gbọdọ̀ lé ọmọ padà nítorí pé òbí rẹ̀ kò ní ìwé ìgbélùú. Ní ọdún 2016, ìjọba pàṣẹ pé kí àwọn ilé-ìwé máa béèrè orílẹ̀-èdè tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti wá àti ibi tí wọ́n bí i sí. Ọ̀pọ̀ òbí àti olùkọ́ kọ̀ jálẹ̀, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé wọn yóò fi àkọsílẹ̀ náà wá àwọn tí kò ní ìwé kiri. Ní ọdún 2018, ìjọba fà á sẹ́yìn.

Kì í ṣe Ìlú Ọba nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Texas ṣe òfin kan ní ọdún 1975 pé òun kò ní fi owó ìjọba kọ́ ọmọ tí kò wọ ìlú lọ́nà òfin. Ní ìlú Tyler ní ìpínlẹ̀ náà, àwọn aláṣẹ ilé-ìwé ní kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa san dọ́là 1,000 lọ́dún. Àwọn òbí gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́, ó sì dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1982, adájọ́ 5 nínú 9 dá àwọn ọmọ náà láre. Adájọ́ William Brennan ni ó kọ ìdájọ́ náà. Kókó rẹ̀ ni pé ọmọ kò yan ibi tí wọ́n gbé e gbà, kò sì tọ́ kí ìjọba fi ìyà ohun tí òbí ṣe jẹ ọmọ, nítorí pé bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ mọ́ ọn, òun àti ìlú ni yóò jìyà rẹ̀ títí lọ.

Báyìí ni ọmọ ṣe ń lọ láti kíláàsì dé kíláàsì láìsí ẹni tí ó bi í ní ohunkóhun. Ọdún 10 kọjá, ọdún 12 kọjá. Òbí rò pé ọ̀rọ̀ ti yanjú. Kò tíì yanjú. Ó kàn ń dúró de ọjọ́ rẹ̀ ni.

IBI TÍ ILẸ̀KÙN TI SÉ

Ní England, iye owó méjì ni yunifásítì ń gbà. Èkíní ni ti ọmọ ilé, èyí tí ìjọba fi ààlà sí: £9,250 lọ́dún láti ọdún 2017, tí ó di £9,535 ní ọdún 2025. Èkejì ni ti àjèjì, èyí tí kò ní ààlà, tí ó sì sábà máa ń tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́ tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ilé kì í mú owó náà wá láti àpò òbí rẹ̀. Ìjọba ni ó ń yá a, tí yóò sì máa san án padà díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ó bá rí iṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ tó iye kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá kà sí àjèjì gbọ́dọ̀ gbé owó wá kí ó tó jókòó.

Nígbà kan, ọmọ tí ìjọba ti fún ní ìyọ̀ǹda láti gbé ìlú fún ìgbà díẹ̀ lè rí owó ẹ̀yáwó yìí gbà. Ní ọdún 2011 ni wọ́n yí òfin náà padà, tí wọ́n ní àfi ẹni tí ó ní ìyọ̀ǹda àìlópin. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ti dàgbà sí ìlú náà ni ọ̀rọ̀ yìí bá ní ojijì. Ọ̀kan nínú wọn ni Beaurish Tigere. Orílẹ̀-èdè Zambia ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1995. Ó dé Ìlú Ọba ní ọdún 2001, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 6. Ibẹ̀ ni ó ti ka gbogbo ìwé rẹ̀. Ní ọdún 2012, ìjọba fún un ní ìyọ̀ǹda fún ìgbà díẹ̀. Yunifásítì Northumbria ti ní àyè fún un, ṣùgbọ́n kò rí owó ẹ̀yáwó gbà. Ó pe ìjọba lẹ́jọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 2015, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Ìlú Ọba dá a láre: adájọ́ 3 gbè é, adájọ́ 2 kò gbè é. Wọ́n ní kò tọ́ kí ìjọba fi òfin kan ṣoṣo ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ọmọ tí kò mọ ìlú mìíràn ju ibi tí wọ́n wà lọ.

Chrisann Jarrett náà wà nínú irú ìṣòro yìí. Láti Jàmáíkà ni ó ti wá ní ọmọ ọdún 8. Ó jẹ́ olórí akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ìwé rẹ̀, yunifásítì LSE ní London sì gbà á láti kọ́ ìmọ̀ òfin ní ọdún 2013, kí ó tó hàn sí i pé kò sí owó ẹ̀yáwó fún un. Yunifásítì náà ni ó fún un ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́. Kò gba tirẹ̀ kí ó sì lọ jókòó. Ó kó àwọn ọ̀dọ́ bí ara rẹ̀ jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ Let Us Learn sílẹ̀ láti máa jà fún àwọn tí ó kù. Ariwo irú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí àti ìdájọ́ ti Tigere ni ó mú kí ìjọba ṣe àtúnṣe sí òfin ní ọdún 2016.

Ẹ fetí sí àtúnṣe náà dáadáa, nítorí pé inú rẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ òní wà. Òfin ọdún 2016 sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lè gba owó ẹ̀yáwó bí ó bá ti gbé Ìlú Ọba fún ọdún 7. Ẹni tí ó ti pé ọdún 18 lè gbà á bí ó bá ti lo ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀ níbẹ̀, tàbí ọdún 20. Ṣùgbọ́n àfikún kan wà: ọdún 3 tí ó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọdún tí ọmọ náà fi ní ìyọ̀ǹda ìjọba lọ́wọ́.

Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí ọmọ yóò bá wọ yunifásítì ní oṣù kẹsàn-án ọdún tí ó pé ọmọ ọdún 18, ìwé gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án ọdún tí ó pé ọmọ ọdún 15. Òbí tí ó bá dúró títí ọmọ fi pé ọdún 17 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé, bí ìjọba bá tilẹ̀ fún un lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà yóò pé ọdún 20 kí ó tó lè fojú kan owó ẹ̀yáwó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ti máa gba ìwé ẹ̀rí jáde nígbà tí òun ń gbìyànjú láti wọlé. Ìrókò tí wọn kò pẹ̀ka rẹ̀ ní kékeré ni yẹn.

KÍ WỌ́N BÍ ỌMỌ SÍBẸ̀ NÌKAN KÒ TÓ

Àṣìṣe kan wà tí ó wọ́pọ̀ púpọ̀ láàárín àwọn ọmọ Yorùbá ní òkè òkun. Wọ́n rò pé ọmọ tí wọ́n bí sí Ìlú Ọba ti di ọmọ onílùú láti ọjọ́ ìkómọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1983, nígbà tí òfin ọdún 1981 lórí ọ̀rọ̀ ọmọ onílùú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó di ìgbà tí bàbá tàbí ìyá ọmọ bá jẹ́ ọmọ onílùú, tàbí tí ó ní ìyọ̀ǹda àìlópin, ní ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ náà. Ìwé ìbí tí ilé ìforúkọsílẹ̀ fún òbí kì í ṣe ìwé ọmọ onílùú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń gbé ìwé ìbí yìí kiri tí wọ́n rò pé ó tó.

Òfin kan náà ṣí ilẹ̀kùn méjì sílẹ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Èkíní ni pé bí òbí rẹ̀ bá gba ìyọ̀ǹda àìlópin kí ọmọ tó pé ọdún 18, ọmọ náà ní ẹ̀tọ́ láti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ onílùú. Kò di dandan kí òbí náà kọ́kọ́ di ọmọ onílùú. Èkejì ni pé ọmọ tí wọ́n bí sí Ìlú Ọba, tí ó sì gbé ibẹ̀ fún ọdún 10 àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ní ẹ̀tọ́ kan náà, ohun yòówù kí ipò òbí rẹ̀ jẹ́. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀tọ́ kejì yìí lè lò ó bí ó bá tilẹ̀ ti kọjá ọdún 18.

Ìkìlọ̀ pàtàkì kan wà níhìn-ín fún àwọn òbí Yorùbá. Ó jẹ́ àṣà láti fi ọmọ ránṣẹ́ sílé fún ọdún kan tàbí méjì kí ó lè gbọ́ èdè, kí ó sì kọ́ ẹ̀kọ́ ilé lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n ọdún 10 tí òfin ń sọ kò fẹ́ kí ọmọ jáde kúrò ní ìlú ju ọjọ́ 90 lọ nínú ọdún kọ̀ọ̀kan. Ìjọba lè mójú kúrò bí ìdí pàtàkì bá wà, ṣùgbọ́n kò di dandan fún un. Òbí tí ó fi ọmọ ọdún 6 ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta fún ọdún méjì lè ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé ẹ̀tọ́ ọmọ náà láìmọ̀. Bákan náà, ọmọ tí ó ti lé ní ọdún 10 gbọ́dọ̀ jẹ́ oníwà rere lójú òfin kí wọ́n tó gbà á sílẹ̀. Ìwà ìpáǹle kékeré tí ó gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lè ba ọ̀ràn ìwé jẹ́.

ÒWÒ TÍ WỌ́N FI Ẹ̀TỌ́ ṢE

Bí ẹ̀tọ́ bá wà, owó ni ó tún kù. Láti ọdún 2018, £1,012 ni ìjọba ń gbà kí ọmọdé tó lè forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ onílùú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ó di £1,214. Iye yìí ju ohun tí iṣẹ́ náà ń ná ìjọba lọ púpọ̀, ìjọba kò sì sẹ́ ẹ. Ní oṣù kejìlá ọdún 2019, ilé-ẹjọ́ sọ pé nígbà tí ìjọba ń dá iye náà, kò ro ire ọmọdé bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ sọ pé òfin tí ilé aṣòfin ṣe gba ìjọba láyè láti bu irú iye bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ariwo àwọn ará ìlú kò já sí asán pátápátá: láti oṣù kẹfà ọdún 2022, ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lágbára láti san án lè bẹ ìjọba pé kí ó yọ̀ǹda owó náà, ọmọ tí ó sì wà lábẹ́ ìtọ́jú ìjọba ìbílẹ̀ kì í san án. Ọ̀pọ̀ òbí ni kò mọ̀ pé àyè yìí wà.

Ti àwọn tí ó wà lójú ọ̀nà ọdún 10 tún nira ju èyí lọ. Lójú ọ̀nà yìí, ọdún méjì àti ààbọ̀ ni ìyọ̀ǹda kọ̀ọ̀kan, ènìyàn yóò sì gbà á nígbà mẹ́rin kí ó tó lè béèrè ti àìlópin. Ní ọdún 2024, £1,258 ni owó ìwé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú owó ìlera tí ó jẹ́ £1,035 lọ́dún fún àgbàlagbà àti £776 lọ́dún fún ọmọdé. Bí ìdílé kan bá ní bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta, ìgbà kan ṣoṣo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò ná wọn ní £17,285. Kí ni òṣìṣẹ́ tí ń gbálẹ̀ ilé iṣẹ́ ní òru yóò ṣe? Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé bàbá yóò kọ́kọ́ san tirẹ̀ kí ó lè máa ṣiṣẹ́, wọn yóò sì fi ti àwọn ọmọ sílẹ̀ di ọjọ́ iwájú. Ìpinnu yìí yéni. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ni yóò san gbèsè rẹ̀ nígbà tí ó bá pé ọdún 18. Kí òbí mọ̀ pé lójú ọ̀nà yìí náà, ẹni tí kò ní lè bẹ̀bẹ̀ kí ìjọba yọ̀ǹda owó. Kí wọ́n sì mọ̀ pé òfin tí ó jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2022 dín ọ̀nà náà kù sí ọdún 5 fún ọ̀dọ́ tí ó wà láàárín ọdún 18 sí 24, tí ó ti lo ìdajì ayé rẹ̀ ní Ìlú Ọba.

Àwọn tí ó ní ìwé pàápàá kò bọ́ pátápátá. Ẹ wo ọmọ tí ó bá ìyá rẹ̀ wọ Ìlú Ọba ní ọdún 2022, ní ọmọ ọdún 14, lórí físà iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ìwé rẹ̀ pé, kò sì rú òfin kankan. Nígbà tí ó bá pé ọdún 18 ní ọdún 2026, kò tíì lo ọdún 7, kò tíì lo ìdajì ayé rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò sì tíì pé ọdún 5 tí òfin béèrè nígbà tí wọ́n wọlé kí ó tó gba ìyọ̀ǹda àìlópin. Iye ti àjèjì ni yunifásítì yóò bu fún un. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ìjọba tún kéde èrò láti sọ ọdún 5 náà di 10 fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Nítorí náà, kí òbí tó gbé ọmọ tí ó ti ń sún mọ́ ìparí ilé-ìwé girama sọdá òkun, kí ó kọ́kọ́ ṣe ìṣirò ọdún náà. Nígbà mìíràn, ó lè sàn kí ọmọ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ilé ju kí ó lọ jókòó sí òde òkun láìríṣẹ́ láìkàwé.

Ẹ̀KỌ́ KAN LÁTI AMẸ́RÍKÀ

Ìdájọ́ ọdún 1982 tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wáyé lókè kò kọjá ilé-ìwé girama. Ní yunifásítì, ìrànwọ́ àti owó ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò sí fún ẹni tí kò ní ìwé. Ní ọdún 2001, Texas yí ọwọ́ padà: ó di ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó gbà kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa san iye tí ọmọ ìpínlẹ̀ ń san, bí ó bá ti gbé ibẹ̀ fún ọdún 3 tí ó sì parí ilé-ìwé girama níbẹ̀. California tẹ̀ lé e lọ́dún náà. Ìlú Houston, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ṣe ilé, wà ní Texas. Fún nǹkan bí ọdún 24, àwọn ọmọ rí àǹfààní yìí lò. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ pe Texas lẹ́jọ́ lórí rẹ̀. Àwọn aláṣẹ Texas kò jà, ilé-ẹjọ́ sì fagi lé òfin náà lọ́jọ́ kan náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ètò tí wọ́n ń pè ní DACA, èyí tí Ààrẹ Barack Obama gbé kalẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2012 fún àwọn tí wọ́n mú wọ Amẹ́ríkà kí wọ́n tó pé ọdún 16. Ó fún wọn láyè láti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì-méjì láìbẹ̀rù ìléjáde, ṣùgbọ́n kò fún wọn ní owó ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀, ẹni tí ó sì dé lẹ́yìn oṣù kẹfà ọdún 2007 kò lè wọ inú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ kò ṣòroó rí. Ohun tí ìjọba kan fi ojú àánú fún ni, ìjọba mìíràn lè gbà á padà. Ẹni tí ilẹ̀kùn ṣí fún lónìí kí ó wọlé lónìí.

OHUN TÍ Ó KÙ SỌ́WỌ́ ÒBÍ

Àwọn kan yóò sọ pé, “Bí òbí bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún ọmọdé, ọmọ yóò sọ ọ́ níta, wàhálà yóò sì dé.” Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe ìbẹ̀rù òmùgọ̀. Àwọn tí wọ́n ti kan ilẹ̀kùn wọn ní ìdájí mọ ohun tí ó jẹ́. Ṣùgbọ́n bí òbí bá pa á mọ́, ọmọ yóò gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan, yóò sì jẹ́ lẹ́nu àlejò tàbí nínú lẹ́tà tútù kan tí kò bìkítà fún un. Ọmọ tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ ní ọmọ ọdún 13 ní àkókò láti gbára dì. Ọmọ tí ó gbọ́ ọ ní ọmọ ọdún 18 kò ní nǹkan kan bí kò ṣe ìtìjú, àti ìbínú sí ẹni tí ó bí i. Ohun ìfọkàntán ni ọmọ jẹ́ lọ́wọ́ òbí. A kì í fi ohun ìfọkàntán pamọ́ títí yóò fi bàjẹ́.

Nítorí náà, kí àwọn òbí di nǹkan márùn-ún wọ̀nyí mú:

1. Kí wọ́n mọ ipò ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú ilé kan, ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ àjèjì lójú òfin kí àbúrò sì jẹ́ ọmọ onílùú. Kí wọ́n kọ ọjọ́ tí ọmọ dé sílẹ̀, ọjọ́ tí ìyọ̀ǹda rẹ̀ yóò parí, àti ọjọ́ tí yóò pé ọdún 7, ọdún 10 àti ọdún 15.

2. Kí wọ́n tọ́jú gbogbo ẹ̀rí. Ìwé àbájáde ilé-ìwé, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, lẹ́tà dókítà, gbogbo rẹ̀ ni ó ń jẹ́rìí pé ọmọ wà ní ìlú. Ìwé tí ó sọnù lè di ẹ̀tọ́ tí ó sọnù.

3. Bí òbí bá ti gba ìyọ̀ǹda àìlópin, kí ó forúkọ ọmọ sílẹ̀ kíákíá. Kí ó má sọ pé ó di ìgbà tí òun náà bá di ọmọ onílùú. Ọmọ tí ó bá kọjá ọdún 18 nínú ìdúró yẹn, ilẹ̀kùn kan ti sé mọ́ ọn.

4. Kí wọ́n ṣọ́ra fún àwọn tí ń pe ara wọn ní agbẹjọ́rò. Láti ìgbà tí òfin ọdún 1999 ti dé, ẹ̀ṣẹ̀ ni ní Ìlú Ọba kí ẹni tí kò ní àṣẹ máa gba ènìyàn nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú. Kí òbí béèrè àṣẹ ẹni náà kí ó tó kówó sílẹ̀. Irọ́ kan ṣoṣo tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kọ sínú ìwé, ọmọ ni yóò rù ú.

5. Kí ẹgbẹ́ àti ìjọ má fi ìdílé kan sílẹ̀. Àwọn Yorùbá mọ bí wọ́n ti ń dá èsúsú fún ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Èsúsú fún ìwé ọmọdé kò kéré sí èyíkéyìí nínú wọn.

Fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti bá lójijì: ọdún kan tí ó kọjá kì í ṣe òpin ayé. Àwọn yunifásítì kan ní Ìlú Ọba ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ fún àwọn tí ó wá ibi ìsádi àti àwọn tí ipò wọn kò tíì dúró. Ẹ wádìí wọn. Ẹ má ṣe fi ìtìjú bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Tigere sọ̀rọ̀, Jarrett sọ̀rọ̀, òfin sì yí padà. Ẹ má sì ṣe fi gbogbo ẹ̀bi di ẹrù lé ìyá yín lórí. Ó lè jẹ́ pé òun náà kò mọ̀, tàbí pé owó oúnjẹ yín ni ó fi owó ìwé rà.

Òtítọ́ ni pé àwọn ìjọba náà ní ẹjọ́ tiwọn láti jẹ́. Orílẹ̀-èdè tí ó kọ́ ọmọ fún ọdún 13, tí ó wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì, ń da omi tí òun fúnra rẹ̀ pọn nù. Ó yẹ kí àwọn tí ó lẹ́nu níbẹ̀ máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ìjọba tó gbọ́, ọmọ ń dàgbà lójoojúmọ́, ọjọ́ orí kì í dúró de òfin.

Kí òbí kọ̀ọ̀kan tí ó bá padà délé lónìí ṣí àpótí tí ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ wà. Kí ó ka ọjọ́ tí ó wà lára wọn. Bí ó bá rí èyí tí ó ti fẹ́ pẹ́, kí ó má jẹ́ kí ọ̀la dé kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Igi ìrókò náà ṣì kéré. Ọwọ́ ṣì tó ẹ̀ka rẹ̀.

Kí àlùbáríkà kí ó wà lórí gbogbo ọmọ, àti àwọn tí ó wà nílé, àti àwọn tí ó wà lókè òkun.